Páìpù nídìí sípánà, púlì lórí kànga

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó lọ́dọ̀ fọkanáísà rí, ó dájú pé ẹ ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nọ́ọ̀tì táyà á ti dípẹtà, ọmọ iṣẹ́ á fọwọ́ fà á títí, á tún gun orí sípánà, á máa fò lé e, kò ní mira. Ọ̀gá á wá rọra dìde, á fa páìpù irin gígùn kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, á kì í bọ ìdí sípánà, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì á dún kẹ̀ẹ́, ó ti yí nìyẹn. Kì í ṣe pé ọ̀gá lágbára ju ọmọ iṣẹ́ lọ o, ẹlòmíì nínú wọn ti dàgbà gan-an. Páìpù yẹn ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ páìpù yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ó máa ń dùn mí pé tá a bá ti dárúkọ ẹ̀rọ báyìí, kìkì nǹkan tó ń pariwo tó sì ń mu bẹntiróòlù ló máa ń wá sọ́kàn wa, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kì í mu epo, tí iná NEPA ò kàn wọ́n, tí wọn ò ní ẹnjíìnì kankan nínú: ọ̀pá gígùn, pákó tá a fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ẹ̀yìn lọ́rì, táyà, okùn tó gba orí púlì (táyà kékeré tó ń yí, tí okùn ń gba ojú ẹ̀ kọjá), ẹnu àáké, bọ́ọ̀tì tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Mẹ́fà nìwé súkúù máa ń pín wọn sí, mi ò ní máa kà wọ́n ní kọ̀ọ̀kan, torí ọgbọ́n kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá ti mọ ọgbọ́n yẹn á máa rí i kiri ibi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti sípánà ná. Nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò kékeré, tí wọ́n bá dè é bó ṣe yẹ, tí ọwọ́ sípánà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé kílò 40 lé e kó tó yí. Èyí tó ti dípẹtà á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí páìpù bá wá sọ ọwọ́ yẹn di mítà kan, kílò 10 péré ti tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyẹn, wọ́n á ní páìpù ti dín iṣẹ́ kù. Kò dín in kù o! Ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe rìn tó. Láti yí nọ́ọ̀tì yẹn ní ìdá mẹ́rin òbìrí kan, ọwọ́ sípánà kúkurú á rin bíi sẹ̀ǹtímítà 39, ti páìpù gígùn á rin mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀ lé. Agbára dín lọ́nà mẹ́rin, ìrìn lé lọ́nà mẹ́rin. Ẹ sọ agbára di púpọ̀ nípa ìrìn, iye kan náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láyé ìjọ́un wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, èèyàn á máa san án díẹ̀díẹ̀, owó aṣọ ò dín kù rárá, wọ́n kàn pín in fún ẹ débi tí agbára rẹ á fi lè ká a ni, kódà ó máa ń lé ní ti ẹni tó san án lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ tí ara ò lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pín in sójú ọ̀nà gígùn, ara á sì ká a. Èlé tó lé lórí ẹ̀ ni bí irin ṣe ń ha irin, bí okùn ṣe ń ha igi. Ìdí tá a fi ń fi gíríìsì sí i nìyẹn, kí èlé má bàa pọ̀ jù. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Sírákúsì, ìlú àwọn Gíríìkì kan láyé àtijọ́, tí ọmọ ogun Róòmù pa ní 212 ṣáájú ìbí Jésù, òun ló fi ìṣirò tó dúró dáadáa hàn pé bí ọ̀pá ṣe gùn sí ni ẹrù tó lè gbé á ṣe pọ̀ sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí i ni àwọn èèyàn ti ń fi igi yí òkúta kúrò lóko.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ka èyí: páìpù wà fún títú nọ́ọ̀tì, kì í ṣe fún dídè é. Ọwọ́ ò ní mọ ìgbà tó ti pọ̀ jù, bọ́ọ̀tì á já.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lójú tèmi ni ibi tí wọ́n ti ń fún gààrí. Àbúrò ìyá mi obìnrin kan ń ṣe gààrí lábúlé, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, mo sì ti dúró tì wọ́n níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ gààrí á rò pé bíbó pákí àti yíyan án ni wàhálà ẹ̀. Ẹ gbọ́, omi ni wàhálà ẹ̀. Pákí tútù, omi ló ju ìdajì ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì ti rin ín tán, omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde, torí tí kò bá jáde, orí agbada kò ní yan, ńṣe ló máa sè, á di kókó-kókó, iná á sì jẹ igi tí ì bá yan ìlọ́po méjì ẹ̀. Omi yẹn kan náà ló tún ń gbé lára májèlé inú pákí jáde, torí náà fífún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ kó kàn lè gbẹ nìkan.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ibi ṣì ń ṣe é títí dòní, òkúta ńlá ńlá ni wọ́n ń kó lé àpò, tàbí kí wọ́n fi igi há àpò láàárín, kí wọ́n fi okùn fa àwọn igi náà pọ̀, wọ́n á sì tún máa fún okùn le sí i bí àpò bá ṣe ń rọ̀. Òkúta tí obìnrin kan lè gbé lórí ara ẹ̀ á tó bíi kílò 30, tó bá gbé mẹ́rin lé àpò, kílò 120 nìyẹn, ẹ̀yìn á ti fẹ́ kán, omi á sì máa kán tó tó tó fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Irin tí wọ́n fi ń fún un báyìí kò ní àrà kankan lójú. Férémù irin tó dúró gbọin-gbọin lórí símẹ́ǹtì, bọ́ọ̀tì ńlá kan gba àárín irin òkè kọjá, pátákó wà lábẹ́ bọ́ọ̀tì, àpò pákí wà lábẹ́ pátákó. Ọ̀pá kan wá gba orí bọ́ọ̀tì níbùú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í yí ká, wẹ́dà àdúgbò ló ṣe ti ọ̀dọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń yí wẹ́rẹ́, ọwọ́ kan lásán tó o, omi funfun á máa ya jáde lára àpò, òórùn kíkan á gba gbogbo ibẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, omi á wá di tó tó tó, èèyàn á fi àyà ti ọ̀pá. Ibi tó bá le dé ni wọ́n á ti fi í sílẹ̀ tí wọ́n á lọ máa jọ ti àná tàbí kí wọ́n lọ dá iná, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n á padà wá, wọ́n á tún tì í díẹ̀ sí i, torí bí omi ṣe ń jáde ni àpò ń rọ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀, torí ìṣirò yìí máa ń yà mí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà. Ká ní láti àárín bọ́ọ̀tì dé ibi tí ọwọ́ wà lórí ọ̀pá jẹ́ mítà kan. Tí wọ́n bá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti rin mítà 6.3. Pátákó ńkọ́? Tí ìlà bọ́ọ̀tì yẹn bá fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà síra, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni pátákó máa sọ̀ kalẹ̀. Mítà 6.3 jẹ́ ìlọ́po 630 sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹni tó bá wá fi agbára kílò 20 ti ọ̀pá, tí kò bá sí pé irin ń ha irin, kílò 12,600 ló yẹ kó wà lórí àpò. Irin á ha irin dandan, bọ́ọ̀tì ló tiẹ̀ máa ń jẹ èlé jù nínú gbogbo wọn, ká ní ó jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ṣì ku ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Tọ́ọ̀nù 3! Obìnrin kan tó ti lọ́mọ-ọmọ, láìgbé òkúta kankan, láìpe ọkùnrin kankan.

Èlé yẹn tún wá ń ṣe wọ́n lóore níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀tì ṣe ń ha irin yẹn ni kò jẹ́ kó padà sókè, ibi tẹ́ ẹ bá yí i dé ló máa dúró sí, ẹ lè lọ sùn. Ibòmíì jáàkì lọ́rì ni wọ́n ń lò dípò bọ́ọ̀tì, ọgbọ́n kan náà ni, ọwọ́ jáàkì á lọ sókè sódò tìtorí kí orí ẹ̀ lè gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi bọ́ọ̀tì ló dáa jù, torí jáàkì tó ti gbó máa ń jo epo, epo jáàkì kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó wà nítòsí oúnjẹ.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe o, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa tan ara ẹ̀. Ó lè mú fífún yá, kò lè mú kíkan yá. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, àwọn ọjọ́ tí pákí rírin yẹn fi ń jókòó ló mú un kan, òkúta ayé àtijọ́ yẹn ń fún un ni, ó sì ń dúró dè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rin pákí láàárọ̀ tó fún un lọ́sàn-án tó yan án nírọ̀lẹ́, gààrí á jáde lóòótọ́, àmọ́ kò ní kan, májèlé tó yẹ kó lọ ò sì ní lọ tán. Àbúrò ìyá mi máa ń jẹ́ kó jókòó sínú àpò kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ irin, ìdí nìyẹn táwọn oníbàárà fi ń wá wọn.

Ti bárò, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ kàn sọ fún àwọn lébìrà yín pé kí wọ́n kó ẹrù síwájú, sítòsí táyà, kì í ṣe sítòsí ọwọ́. Ẹrù kílò 60 tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí táyà, nígbà tí ọwọ́ bárò wà ní mítà kan ààbọ̀, kílò 20 péré ló máa kan apá. Tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn dé ìdajì ọ̀nà, kílò 30 ni. Iyanrìn kan náà, bárò kan náà.

Kànga ló kù tó ń dùn mí jù. Ẹ wo bí kànga ṣe pọ̀ tó ní ilé wa, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta, gbogbo ilé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní tiẹ̀, ẹ wá ka iye tó ní púlì nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù, ike ìfami àti okùn lásán ni, ọmọ kékeré tàbí ìyá àgbà á dúró létí ẹ̀, á tẹ̀ síwájú, á máa fa okùn lórí etí símẹ́ǹtì títí okùn á fi dá ojú ọ̀nà sára símẹ́ǹtì yẹn. Ojú ọ̀nà tí okùn dá yẹn, agbára èèyàn ló lọ síbẹ̀ o, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ha á, ó sì ń ha okùn náà títí á fi já.

Púlì kan ṣoṣo tí wọ́n gbé kọ́ sókè kò ní dín ìwọ̀n omi kù, lítà 10 ṣì jẹ́ kílò 10, mo sọ èyí torí àwọn kan máa ń rò pé ó ti di ìdajì. Ohun tó ń ṣe ni pé okùn ò ní ha símẹ́ǹtì mọ́, àti pé ìsàlẹ̀ lẹ máa fà á sí dípò òkè, ara yín fúnra ẹ̀ á máa bá yín fà á, ẹ ò sì ní tẹ̀ síwájú lórí ihò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ti tó fún mi, torí ọmọ tó dúró ṣánṣán kò ní tètè tàkìtì sínú kànga.

Ẹni tó bá fẹ́ kó fúyẹ́ sí i, kó lo igi róbótó tí okùn ń wé mọ́ lára, pẹ̀lú ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń yí i. Tí igi yẹn bá nípọn sẹ̀ǹtímítà 10, tí ọwọ́ irin sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kílò 10 á wá dà bíi kílò méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń yí i, ó máa dín díẹ̀ pàápàá tí wọ́n bá fi gíríìsì sí i. Owó ẹ̀ rèé: kànga tó jìn ní mítà 10, èèyàn á yí i bí ìgbà 32, ọwọ́ á sì rin mítà 60. Ìyá àgbà ní àsìkò fún mítà 60. Kílò 10 lórí ẹ̀yìn tó ń ro ó ni kò ní agbára fún. Ẹ sì so nǹkan tó máa dá ọwọ́ irin yẹn dúró mọ́ ọn, torí eléyìí ò dà bíi bọ́ọ̀tì ìfúngààrí, tọ́wọ́ bá yọ̀, ike á já wálẹ̀, ọwọ́ irin á sì yí padà fẹ̀rẹ̀, ó lè gbá èèyàn lẹ́nu.

Àwọn àgbẹ̀ Hausa lókè lọ́hùn-ún ti mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́, wọ́n á fi ọ̀pá gígùn kan lé orí òpó, ike omi lápá kan, òkúta tàbí amọ̀ lápá kejì, òkúta yẹn ló ń bá wọn gbé omi sókè, tiwọn ni kí wọ́n kàn fa ike tó ṣófo sílẹ̀. Ará Íjíbítì láyé àtijọ́ náà lò ó.

Ará Íjíbítì yẹn náà ló tún mọ iṣẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní 2018 àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé àwọn rí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ní Hatnub, ó ti wà láti ayé ọba Khufu, bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn, àtẹ̀gùn wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ihò tí wọ́n ri òpó igi sí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń kó dúrọ́ọ̀mù epo pupa sínú lọ́rì lọ́jà wa, ohun kan náà ni. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó kún fún epo pupa, òun àti irin ẹ̀, á tó kílò 200. Kò sí ọkùnrin tó máa dá gbé e. Wọ́n á fi pákó méjì ti ẹ̀yìn lọ́rì, tí pákó bá gùn ní mítà 4, tí lọ́rì sì ga ní mítà kan, kílò 50 ni wọ́n máa fi tì í. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù á so orí okùn mọ́ lọ́rì, wọ́n á jẹ́ kí okùn gba abẹ́ dúrọ́ọ̀mù yí padà sókè, ẹni tó wà nínú lọ́rì á máa fà á, dúrọ́ọ̀mù á máa yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ gòkè, kílò 25 ló kù yẹn, ó sì máa fa okùn mítà 8 kó tó dé òkè. A mọ̀ ọ́n ṣe fún epo.

Kí ló dé tá ò ṣe é fún èèyàn? Mo ń béèrè tọkàntọkàn. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, báǹkì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á wá ọkùnrin mẹ́rin tó máa gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́ wọlé lójú gbogbo èèyàn, ìtìjú ńlá sì ni fún àgbàlagbà. Òfin ti wà o. Òfin àpapọ̀ tó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 yẹn ti pé láti oṣù kìíní 2024.

Àwọn kan ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é ga jù, wọ́n kàn da símẹ́ǹtì sórí àtẹ̀gùn bí ẹni ń ṣe ọ̀nà jẹnẹrétọ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni pé tó bá ga ní mítà kan, kó gùn ní mítà 12. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50, mítà 6 ló máa gbà. Ẹni tó wúwo kílò 90 tòun ti kẹ̀kẹ́ á lè fi agbára bíi kílò 7 ààbọ̀ gun èyí fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ká a. Èyí tí wọ́n ṣe ní mítà kan ààbọ̀ fún gíga kan náà, kílò 30 ló máa gbà, kẹ̀kẹ́ lè ṣubú sẹ́yìn lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìjọsìn tàbí tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ wọn gíga àtẹ̀gùn yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Tí àyè ò bá gba mítà 6 gbọọrọ, ẹ ṣẹ́ ẹ padà, mítà 3 lọ sápá kan, ibi pẹrẹsẹ tí kẹ̀kẹ́ á ti lè yí, mítà 3 padà wá. Ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà dán ojú ẹ̀, kó fi ìgbálẹ̀ ha á kí símẹ́ǹtì tó gbẹ, torí òjò.